Ìmọ́lẹ̀ Ni Ká Wọ̀n, Kì í Ṣe Wáàtì

Ẹ̀yin ará Òde Ùgbò ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ùgbònlá, ní Màhìn, ní Ayétòrò, ní Igbókòdá, àti ẹ̀yin apẹja tí ẹ gbé rédíò yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọ̀n nínú ọkọ̀. Bí ẹ bá wà nílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ara fìtílà tó ń tàn níwájú yín. Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀? Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí 20W, tàbí 50W, tàbí 200W pàápàá. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lálẹ́ yìí ni pé nọ́ńbà yẹn kò sọ iye ìmọ́lẹ̀ tí ẹ fi owó yín rà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kàn mí. Mo ra láńtà LED oníṣáàjì kan ní ọjà kí n tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá síhìn-ín. Wọ́n kọ 50W gàdàgbà sára páálí rẹ̀. Ẹni tó tà á fún mi tàn án sí mi lójú, ó sì ta mí lójú débi pé mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní, iná rèé. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, a gbé e sórí tábìlì kí ọmọ ilé tí a dé sí lè fi ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀. Iná náà kọ́kọ́ mọ́ rokoṣo. Ṣùgbọ́n kó tó pé wákàtí kan, ọmọ náà ti ń fa ìwé rẹ̀ sún mọ́ láńtà díẹ̀díẹ̀, títí orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ìyá rẹ̀ kò wí nǹkan kan. Ó wọ yàrá lọ, ó gbé láńtà elépo òyìnbó jáde, ó sì gbé e sí apá kejì ìwé náà. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Owó gidi ni mo fi ra nǹkan ọ̀hún, ojú ọmọ ló sì ń jìyà rẹ̀.

Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ iná ṣe rí ní ìhà gúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó yìí. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú wa ti fi wà láìsí iná ìjọba, bẹ́ẹ̀ sì ni ilé iṣẹ́ amúnáwá Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́ wà nítòsí wa, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa. Kì í ṣe pé a kò mọ adùn iná. Ayétòrò, tí àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, ti ń fi jẹnẹrétọ̀ ara wọn tan iná sí gbogbo ilé ní àwọn ọdún 1950, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ilẹ̀ Yorùbá ṣì ń tan àtùpà. Lónìí, ohun tó kù sí ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ni LED: ó wà nínú tọ́ọ̀ṣì, nínú láńtà oníṣáàjì, nínú gílóòbù sólà. Òun ni a fi ń hun ẹní lóru, òun ni a fi ń yí ẹja lórí ààrò, òun ni a fi ń ka ìwé. Ohun tí a gbójú lé tó báyìí, ó yẹ ká mọ bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n.

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ṣe pupuru, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ wáàtì yóò tètè yé. Bí oníbàárà bá dé ọ̀dọ̀ yín, ṣé iye igi tí ẹ fi yan pupuru ló ń bèèrè ni, àbí iye pupuru tó máa gbé lọ? Wáàtì ni igi ìdáná. Ó ń sọ bí iná mànàmáná tí fìtílà ń jẹ ṣe pọ̀ tó. Lúmẹ́nì ni pupuru fúnra rẹ̀, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tó jáde. Láyé àtijọ́, irú gílóòbù kan ṣoṣo ló wà lọ́jà, èyí tó ní wáyà tín-ín-rín nínú, nítorí náà gbogbo ayé mọ̀ pé 60W mọ́ ju 40W lọ, a sì ń fi igi díwọ̀n pupuru láìsí ewu. Gílóòbù 60W yẹn ń mú nǹkan bí lúmẹ́nì 700 wá; ooru ló ń fi èyí tó pọ̀ jù nínú iná tó ń jẹ ṣe. LED tó dára yóò fi wáàtì mẹ́jọ péré mú iye ìmọ́lẹ̀ kan náà wá. LED tí kò dára lè jẹ iná tó pọ̀ ju ìyẹn lọ kí ó má sì tó o. Níbẹ̀ ni igi àti pupuru ti pínyà, àwọn oníṣòwò kan kò sì jẹ́ ká mọ̀.

Lúmẹ́nì ni gbogbo ìmọ́lẹ̀ tí fìtílà tú jáde, níwájú, lẹ́yìn, lókè, nísàlẹ̀, tí a kó jọ sójú kan. Fìtílà alágolo tí a fi òwú sí kò ju nǹkan bí lúmẹ́nì 10 lọ. Láńtà elépo òyìnbó tí a nu gíláàsì rẹ̀ dáadáa lè mú 30 dé 50 wá. Lọ́kìsì ni orúkọ èyí tó bọ́ sórí ibi tí a ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ tẹ́ ẹní kan tó fẹ̀ ní mítà kan tó sì gùn ní mítà kan. Bí lúmẹ́nì 100 bá bọ́ sórí rẹ̀, lọ́kìsì 100 nìyẹn. Ẹ tẹ́ irú ẹní bẹ́ẹ̀ mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ìmọ́lẹ̀ kan náà tàn ká gbogbo wọn, lọ́kìsì 25 ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Oòrùn ọ̀sán gangan ń sún mọ́ lọ́kìsì 100,000. Òṣùpá àrànmọ́jú kì í tó ìdajì lọ́kìsì kan. Ẹ̀yin apẹja mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ: ẹ lè fi òṣùpá tukọ̀ gba inú odò kọjá, ṣùgbọ́n ẹ kò lè fi í tún ojú àwọ̀n tó ya ṣe. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ìlànà 2011 sọ pé tábìlì ọmọ ilé ìwé gbọ́dọ̀ rí lọ́kìsì 300 ó kéré tán. Àwọn ọmọ tiwa ń kàwé nínú èyí tí kò tó ìdá mẹ́wàá rẹ̀.

Wíwọn ìmọ́lẹ̀ kì í ṣe ohun àná. Ní 1860, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí gáàsì tí wọ́n fi ń tanná ní Lọ́ńdọ̀nù yan àbẹ́là kan gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n. Ọ̀rá inú orí àbùùbùtán, ẹran ńlá inú òkun, ni wọ́n fi ṣe àbẹ́là náà. Mẹ́fà rẹ̀ ló jẹ́ ìwọ̀n pọ́ùn kan, ó sì gbọ́dọ̀ máa jó nǹkan bí gíráàmù mẹ́jọ ní wákàtí kan. Ilé iṣẹ́ tó bá ń ta gáàsì fún ará ìlú gbọ́dọ̀ fi hàn pé iná òun tó iye àbẹ́là tí òfin kà fún un. Ẹ gbọ́ o: òfin ni, kì í ṣe àánú. Àbẹ́là yẹn ti lọ, àwọn onímọ̀ ti fi ohun tó dúró ṣinṣin jù ú lọ rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò kúrò nílẹ̀. Candela ni gbogbo ayé ṣì ń pe òṣùwọ̀n agbára ìmọ́lẹ̀, àbẹ́là náà sì ni ìtumọ̀ rẹ̀.

Ó ku bí àwa ṣe lè wọ̀n ọ́n ní Òde Ùgbò níbí. Robert Bunsen, onímọ̀ kẹ́míkà ará Jámánì, ló gbé ọgbọ́n kan kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1840 tí kò ná ènìyàn ní kọ́bọ̀. Ẹ mú ìwé funfun kan tí kò nípọn. Ẹ kán ẹ̀kán epo àgbọn tàbí òróró ẹ̀pà kan ṣoṣo sí àárín rẹ̀, kí ẹ sì fi aṣọ nu èyí tó bá ṣẹ́kù lójú rẹ̀. Bí iná bá wà níwájú ìwé náà nìkan, ojú epo yẹn yóò dúdú ju ìyókù lọ. Bí iná bá wà lẹ́yìn rẹ̀ nìkan, ojú epo yóò mọ́ ju ìyókù lọ. Bí ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ láti iwájú àti èyí tó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn bá dọ́gba, ojú epo yóò parẹ́, ẹ kò ní mọ ibi tó wà mọ́.

Èyí ni mo ṣe ní alẹ́ ọjọ́ kejì. A pa gbogbo iná yòókù, a fi aṣọ dúdú bo ògiri kí ó má baà máa ta ìmọ́lẹ̀ padà. Mo la igi kékeré kan lẹ́nu, mo fi ìwé elépo náà há a láàrín kí ó lè dúró lóòró. Láńtà elépo òyìnbó wà ní apá kan, ní sẹ̀ǹtímítà 50 sí ìwé. Láńtà LED mi, tí mo ti ṣáájì kún, wà ní apá kejì. Mo ń fà á sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ọmọ ilé náà sì tẹjú mọ́ ìwé. Nígbà tó kígbe pé ojú epo ti lọ, a fi tépù wọ̀n ọ́n: sẹ̀ǹtímítà 110. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ fi 50 pín 110, ẹ ó rí 2.2. Ẹ fi 2.2 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ ó rí nǹkan bí 4.8. Ìdí tí a fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé bí ìmọ́lẹ̀ bá rin ìlọ́po méjì ọ̀nà, ibi tó gbọ́dọ̀ tàn ká a di ìlọ́po mẹ́rin, gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ẹní mẹ́rin tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Nítorí náà, láńtà tí wọ́n kọ 50W sí kò tó ìlọ́po márùn-ún láńtà elépo òyìnbó. Aládùúgbò kan gbé fìtílà sólà tirẹ̀ wá. Wọn kò kọ wáàtì kankan sára páálí rẹ̀, lúmẹ́nì 150 ni wọ́n kọ. Tirẹ̀ dé sẹ̀ǹtímítà 175 kí ojú epo tó parẹ́. Ìyẹn ju ìlọ́po méjìlá lọ. Èyí tí kò pariwo ló mọ́ jù.

Nǹkan kan wà tó lè dà yín láàmú bí ẹ bá dán an wò. Iná láńtà elépo pọ́n díẹ̀, LED sì funfun bíi wàrà, nítorí náà ojú epo lè má parẹ́ tán pátápátá. Àwọ̀ á ṣì yàtọ̀. Ẹ má wo àwọ̀. Dídúdú tàbí mímọ́ rẹ̀ ni kí ẹ wò. Kí ẹ má sì fọwọ́ kan òwú láńtà elépo láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, nítorí òun ni àbẹ́là yín.

Ṣùgbọ́n ìwé elépo kò lè sọ lúmẹ́nì fún wa. Ìhà kan ṣoṣo tó kọjú sí fìtílà ló ń rí. Tọ́ọ̀ṣì tó kó gbogbo ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sójú kan lè borí láńtà tó ń tàn ká gbogbo ilé, bẹ́ẹ̀ láńtà ló ní lúmẹ́nì púpọ̀ jù. Tọ́ọ̀ṣì ẹ̀yin tí ẹ ń wá òpó àwọ̀n lókèèrè nílò irú agbára yẹn. Ẹni tó ń hun ẹní kò nílò rẹ̀. Láti kó gbogbo ìmọ́lẹ̀ jọ kí a tó kà á, àwọn ilé àyẹ̀wò ń lo ohun èlò kan tí Richard Ulbricht, ọ̀jọ̀gbọ́n ní ìlú Dresden ní Jámánì, ṣe àlàyé rẹ̀ ní 1900. Ẹ ronú kan igbá ńlá méjì tí a da ojú wọn dé ara wọn, tí a fi ohun tó funfun ju ẹfun lọ kun gbogbo inú wọn. Wọ́n á gbé fìtílà sí àárín. Ìmọ́lẹ̀ yóò máa ta láti ògiri dé ògiri nínú igbá náà, lọ bọ̀, lọ bọ̀, títí ibi gbogbo yóò fi mọ́ bákan náà, ibi yòówù kí fìtílà kọjú sí. Ihò kékeré kan wà lára igbá tí ojú ẹ̀rọ ń yọjú níbẹ̀. Pátákó kékeré sì dí i lójú kí ó má baà rí fìtílà tààrà. Wọ́n á kọ́kọ́ tan fìtílà kan tí wọ́n ti mọ lúmẹ́nì rẹ̀, wọ́n á ka ẹ̀rọ, kí wọ́n tó wá tan tiyín, kí wọ́n sì fi wé e. Nínú gbogbo ohun tí mo kà lórí ọ̀rọ̀ yìí, igbá Ulbricht ló wù mí jù, nítorí kò sí ìmọ́lẹ̀ tó lè sá pamọ́ nínú rẹ̀.

Ojú ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ máa ríran bíi ti ènìyàn. Ojú wa kì í rí gbogbo àwọ̀ bákan náà. Àwọ̀ ewé tó fẹ́ pọ́n ló ń tètè rí jù, ó sì ń rí àwọ̀ aró àti pupa ní ìlọ́ra. Ní 1924, CIE, àjọ àgbáyé lórí ìmọ́lẹ̀, fi ẹnu kò lórí bí ojú ènìyàn ṣe ń ṣe èyí, òun sì ni àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé. LED funfun kò fi bẹ́ẹ̀ funfun láti inú wá: aláwọ̀ aró ni, wọ́n wá fi ìyẹ̀fun tó ń tàn ní àwọ̀ ìyeyè bò ó. Àwọn onímọ̀ mẹ́ta tí wọ́n bí ní Japan, tó ṣe LED aláwọ̀ aró yẹn, Akasaki, Amano àti Nakamura, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2014. Nítorí àwọ̀ aró inú rẹ̀, ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tí kò ríran bí ènìyàn lè ṣi LED kà. Bákan náà ni áàpù orí fóònù tó ń ka lọ́kìsì. Ó wúlò bí ẹ bá fẹ́ fi fìtílà kan wé èkejì ní ọ̀nà jíjìn kan náà, ṣùgbọ́n ẹ má búra pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀.

Mo ti sọ pé láńtà mi kọ́kọ́ mọ́ kó tó di pé ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí fa ìwé. Ní alẹ́ tí a wọ̀n ọ́n, mo fi í sílẹ̀ kó tàn fún wákàtí kan, mo sì tún un wọ̀n. Dípò 110, sẹ̀ǹtímítà 60 ni ojú epo ti parẹ́. Ẹ ṣe ìṣirò kan náà: 1.44. Ohun tó ń mọ́ bíi láńtà elépo márùn-ún ti wálẹ̀ sí ọ̀kan ààbọ̀, ìyẹn nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá iye tó fi bẹ̀rẹ̀. Páálí rẹ̀ sọ pé yóò tàn fún wákàtí méjìlá. Òótọ́ ni pé kò kú. Ṣùgbọ́n ní ilé àyẹ̀wò tó ń tẹ̀ lé ìlànà, wákàtí tí wọ́n ń kà dópin nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá ti wálẹ̀ sí ìdá 70 nínú 100 iye tó fi bẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá tàn lẹ́yìn ìyẹn, wọn kì í kà á mọ́.

Mo tú láńtà náà. Bátìrì kan ló wà nínú rẹ̀, wọ́n kọ 3.7V àti 1200mAh sí i lára. Ẹ fi 3.7 sọ 1.2 di púpọ̀, ẹ ó rí nǹkan bí 4.4. Ìyẹn ni pé bátìrì náà lè fún fìtílà oníwáàtì kan lóúnjẹ fún wákàtí mẹ́rin àti díẹ̀. Bí láńtà náà bá ń jẹ wáàtì 50 lóòótọ́, ìṣẹ́jú márùn-ún ni bátìrì yẹn yóò fi gbẹ. Kò sí bí 50W yẹn ṣe lè jẹ́ òótọ́. Ìṣirò yìí kò nílò ilé àyẹ̀wò, ọmọ ilé ìwé girama lè ṣe é lórí ìjókòó, mo sì fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ fi kọ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ ooru àti iyọ̀ tún wà níbẹ̀. Ilé àyẹ̀wò máa ń wọn LED nínú yàrá tó tutù tó 25°C, wọn kì í sì ka ẹ̀rọ títí fìtílà yóò fi tàn pẹ́, nítorí bí LED bá ti ń gbóná ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń wálẹ̀. Yàrá tiwa kì í tutù tó bẹ́ẹ̀. Atẹ́gùn òkun sì ń gbé iyọ̀ wọ ibi gbogbo, ó ń jẹ wáyà, ó ń jẹ ibi tí bátìrì ti kan irin. Fìtílà tí rọ́bà kò dí ojú rẹ̀ dáadáa, bí ó ti wù kí lúmẹ́nì rẹ̀ pọ̀ tó lọ́jọ́ tí ẹ rà á, kò ní pẹ́ ní etí òkun.

Àwọn kan ti rí ìṣòro yìí ṣáájú wa. Ní 2007, Báńkì Àgbáyé àti IFC tó jẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ dá ètò Lighting Africa sílẹ̀, Kẹ́ńyà àti Gánà ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n rí i pé ayédèrú ń ba ọjà fìtílà sólà jẹ́, àwọn tó rà á lẹ́ẹ̀kan kò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ sólà mọ́. Wọ́n wá gbé ìlànà àyẹ̀wò kalẹ̀, Yunifásítì Nairobi sì ní ilé àyẹ̀wò tirẹ̀ nínú ètò náà. Wọn kì í gba fìtílà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ṣe é kí wọ́n sì gbẹ́kẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀. Láti inú ìsọ̀ tàbí ilé ìkẹ́rù ni wọ́n ti ń ṣà á, kí ẹnikẹ́ni má baà fi èyí tó dára jù ránṣẹ́. Wọ́n ń wọn lúmẹ́nì rẹ̀, wọ́n ń ka wákàtí bátìrì rẹ̀, wọ́n ń jẹ́ kó tàn fún wákàtí 2,000 láti mọ iye ìmọ́lẹ̀ tó kù. Láti 2020, ètò kan tí wọ́n ń pè ní VeraSol ló ń bá iṣẹ́ àyẹ̀wò yìí lọ, orúkọ àwọn tó yege sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó kó tó rajà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra fìtílà, ẹ bèèrè lúmẹ́nì. Bí páálí kò bá sọ ọ́, ẹ dá a padà. Ẹ̀yin oníṣòwò wa ní Igbókòdá, mo mọ̀ pé ẹ̀yin kọ́ ni ẹ tẹ páálí, wọ́n sì ń tan ẹ̀yin náà jẹ nígbà míì. Ẹ fi aṣọ dúdú dí igun kan nínú ìsọ̀ yín, kí ẹ gbé láńtà elépo òyìnbó kan àti ìwé elépo kan síbẹ̀, kí oníbàárà lè wọ̀n ọ́n kó tó sanwó, gẹ́gẹ́ bí ẹ ti ń jẹ́ kó rí i bí ẹ ṣe ń wọn gàrí nínú kọ́ńgò. Àjọ SON, tí òfin gbé ìlànà ọjà lé lọ́wọ́ ní Nàìjíríà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ ká máa rí yín ní àwọn ọjà etí omi náà. Ẹ̀yin òbí, ní alẹ́ ọ̀la, ẹ kán epo àgbọn sí ìwé, kí ẹ sì pe àwọn ọmọ yín jókòó tì yín.